Ta Ló Lùlù Nínú Àwo Yẹn? Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Nípa Olórin Tí Ayé Ń Gbàgbé

Yorùbá mọ èèyàn yìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kọ nípa olórin àtijọ́ fi máa ń di oríkì: "àgbà ọ̀jẹ̀", "akọrin tí kò lẹ́gbẹ́", "ẹni tí ayé kò fún ní ẹ̀tọ́ rẹ̀". Ẹni tó bá kà á tán kò ní mọ ọdún tí wọ́n ṣe àwo náà, kò ní mọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, kò sì ní mọ ẹni tó lu ìlù. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á tún fi "àgbà ọ̀jẹ̀" bẹ̀rẹ̀, olórin náà á sì wà níbi tó wà. Ìyìn kún ìyìn kọ́ ló ń gbé irú wọn dìde. Orúkọ, ọdún, nọ́ńbà àwo àti àwọn tó bá a ṣe é ni kí ẹ wá, torí orí ìwọ̀nyí ni ẹlòmíràn ti lè bá iṣẹ́ náà lọ.

Àwa tí à ń gbé Àbújá àti Òkè Ọya, iṣẹ́ yìí wà nílẹ̀ fún wa rẹpẹtẹ. Ìlọrin kò jìnnà sí wa. Kàdúná, ọkọ̀ ojú irin ni, láti Idu dé Rigasa. Yorùbá ti wà ní Sabon Gari Kánò, ní Zaria àti ní Jọ́ọ̀sì láti ayé àwọn òyìnbó, wọn ò sì fi orin wọn sílé. Àwo àti kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn bàbá yẹn rà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ wọn ní Kubwa, Nyanya àti Mararaba.

Àmọ́ ta ni à ń pè ní ẹni tí wọn ò kà sí? Mamman Shata (1923–1999), gbajúmọ̀ olórin Hausa, kọ́. Dan Maraya Jos (1946–2015) náà kọ́, ẹni tó máa ń dá kúntígì rẹ̀ (ohun èlò olókùn kan) ta tó sì máa ń dá orin rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n Shata ní àwọn onílù kàlàngú, ó sì ní àwọn ẹlẹ́gbè tí àwọn Hausa ń pè ní 'yan amshi. Ohùn wọn wà nínú orin tí gbogbo ayé fi ń yin ọ̀gá wọn. Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn? Ibẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Barmani Choge ti Funtua, tó kú lọ́dún 2013: orin àmádà ló ń kọ, èyí tí àwọn obìnrin ń dojú igbá dé sórí omi tí wọ́n ń lù ú. Bala Miller tó ni ẹgbẹ́ Great Music Pirameeds of Afrika ní Kàdúná náà ń bẹ níbẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ròyìn highlife, Èkó, Ìbàdàn àti ìhà Ìlà-Oòrùn ni wọ́n máa ń kà, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ohùn trumpet kọjá odò Ọya.

Ní ti Ìlọrin, Odòlayé Àrẹ̀mú ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ó sì tọ́ sí i. Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékeé Àmàó ń kọ́? Ẹ dárúkọ wọn fún ọmọ ọgbọ̀n ọdún kan tí kì í ṣe ará Ìlọrin, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ká má tíì sọ ti àwọn tó ń gbe orin lẹ́yìn wọn. Sákárà náà rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ayé mọ Yusuf Ọlátúnjí tó kú lọ́dún 1978, ṣùgbọ́n ẹ mú àwo sákárà èyíkéyìí tó bá wà nílé yín, kí ẹ wá orúkọ ẹni tó ta gòjé. Gòjé yìí, tí àwa àti Hausa jọ ń ta, okùn kan péré ló ní, irun ẹṣin ni wọ́n fi ṣe okùn yẹn, òun náà ni wọ́n fi ṣe ọrun tí wọ́n fi ń ta á. Iṣẹ́ tó le ni. Ẹni tó bá lè fi okùn kan ṣoṣo bá olórin sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwo títí dé òpin, a jẹ ẹ́ ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ ka àwo kí ẹ tó gbọ́ ọ

Ẹ ya fọ́tò iwájú páálí, ẹ̀yìn rẹ̀, àti bébà róbótó tó wà láàárín àwo ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ dagun àwo náà sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n họ sára ibi dídán tó wà láàárín òpin orin àti bébà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo náà ni wọ́n ti họ nọ́ńbà yìí sí i. Wọ́n lè ṣèèṣì lẹ bébà ẹ̀gbẹ́ kìíní mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì lè fi páálí ọdún mìíràn wọ àwo, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n họ sára àwo kì í yẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà náà wúlò. Tí ẹ bá rí DWAPS, Decca ni, tàbí Afrodisia tí Decca wá dà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìgbà: Philips di Phonogram, ó di Polygram, ó wá di Premier, EMI di Ivory Music. Nítorí náà tí ẹ bá rí orin tí àwọn àgbà ní àwọn jó sí kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, tó wá wà lórí sídì Premier, àtúntẹ̀ ni. Ọdún tó wà lórí sídì yẹn kì í ṣe ọdún orin. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyí: ẹnì kan rí ọdún àtúntẹ̀, ó kọ ọ́ síbì kan, ogún èèyàn da á kọ, ó di òótọ́.

Àwo wa kan tún ní ìwà tirẹ̀ tó ń da àwọn àlejò láàmú. Wọ́n á to àkọlé mẹ́fà tàbí méje sórí páálí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, orin kan ni wọ́n kọ láìdúró. Àkọlé wọ̀nyẹn, ẹni tí wọ́n ń kì tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ni wọ́n. Ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ náà sílẹ̀ lódindi, kí ẹ wá kọ ìṣẹ́jú tí orúkọ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọdún tí kò sí lórí àwo

Ọ̀pọ̀ àwo kò ní ọdún lára. Àgbà tí ẹ bá bi ní ọdún náà á sọ pé "ó pẹ́", òótọ́ ló sì sọ. Ẹ má fipá bi í ní nọ́ńbà, ẹ bi í ní ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣé wọ́n ti pa Sardauna àti Akíntọ́lá nígbà náà? January 15, 1966 nìyẹn. Ṣé wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀? May 27, 1967. Ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà? April 2, 1972 la bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣé ṣílè ni wọ́n fi ra àwo náà àbí náírà? January 1, 1973 ni náírà dé. Owó Udoji tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà, 1975 ni. FESTAC bẹ̀rẹ̀ ní January 1977. Ìyípadà àwọ̀ owó ayé Buhari àkọ́kọ́, 1984. Kíkó ìjọba wá sí Àbújá, December 12, 1991.

Ìbéèrè bíi mẹ́rin nínú ìwọ̀nyí á fún ọdún náà pinpin. Tí bàbá bá ní wọ́n ti dá Kwara sílẹ̀ ṣùgbọ́n mọ́tò ò tíì bọ́ sí ọ̀tún, ẹ ti wà láàárín 1967 sí 1972. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: "láàárín 1967 sí 1972, gẹ́gẹ́ bí onílù rẹ̀ ṣe sọ". Ìyẹn sàn ju kí ẹ mú 1970 láti inú afẹ́fẹ́ torí pé ó dùn ún kọ. Ẹ tún fetí sí orin fúnra rẹ̀. Olórin tó kì gómìnà kan nígbà tó wà lórí àlééfà ti fún yín ní ọdún láìmọ̀, torí ìgbà tí gómìnà wọlé àti ìgbà tó jáde wà nínú ìwé ìròyìn.

Ní ti ìwé ìròyìn, New Nigerian ti Kàdúná bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966. Arewa House, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìtàn sí, wà ní Kàdúná, ẹ̀ka National Archives náà sì wà níbẹ̀. Ẹ má wá àpilẹ̀kọ nípa olórin nìkan. Ẹ wo ojú ìwé ìpolówó òpin ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ẹgbẹ́ tó máa ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì báyìí lọ́jọ́ báyìí. Ìkéde kékeré kan bẹ́ẹ̀ á fún yín ní ọjọ́, ibi, àti bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà nígbà ayé rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò, ẹ kọ lẹ́tà tó lórúkọ ètò àti ọdún nínú. Lẹ́tà tó ní "a fẹ́ orin àtijọ́" kì í rí èsì.

Gbígbé orin kúrò lára àwo àti kásẹ́ẹ̀tì

Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ kọ̀wé nípa orin tí ẹ kò lè gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan dáadáa, kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ kó sinmi.

Àwo fáínì: omi bátìrì ni kí ẹ fi nù ún, èyí tí kò ní ásíìdì rárá, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan. Omi ẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú ihò orin. Ẹ má jẹ́ kó kan bébà àárín. Àwo àtijọ́ tó wúwo tó sì ń tètè fọ́, èyí tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi spirit kàn án láéláé: shellac ni wọ́n fi ṣe é, spirit á yọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹnu abẹ́rẹ́ LP, ìyẹn àwo fáínì ńlá, kò ju bíi 18 micron lọ (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan), ti 78 tó bíi 76. Tí ẹ bá fi ti LP gbọ́ 78, ìsàlẹ̀ ihò ló máa wọ lọ, ẹ ó máa gbọ́ eruku àti ìdọ̀tí dípò orin.

Ọyẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwo. Láti December dé February, afẹ́fẹ́ gbẹ, àwo á máa fa eruku mọ́ra bí ẹ ṣe ń yọ ọ́ nínú ọ̀rá, á sì máa ta pá-pá-pá nínú sípíkà. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ yàrá ṣáájú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àwo gbá a bó ṣe ń yí lórí ẹ̀rọ, kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Tó bá di March, ìṣòro yí padà: ẹ má fi àwo sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Kò ní pẹ́ tó fi máa wọ́, àwo tó bá sì ti wọ́, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò.

Kásẹ́ẹ̀tì lóhùn jù níbí, torí ọ̀pọ̀ olórin Ìlọrin àti olórin Hausa, orí kásẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn pọ̀ sí. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo fóòmù kékeré tó wà lẹ́yìn téèpù, èyí tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń gbẹ, á já bọ́, ohùn á wá máa lọ tó ń bọ̀. Ẹ tú ìdè (screw) márààrún, ẹ gbé téèpù náà sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ṣì le. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa tí kò ní ìdè, ẹ fi abẹ sí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i síwájú dópin, ẹ yí i padà, kí téèpù lè wé dọ́gba. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì C120, èyí tó ń gba wákàtí méjì, fẹ́lẹ́ jù, ẹ̀rọ máa ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má yí i tàgìrì.

Ẹ fi spirit tó tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún nu orí ẹ̀rọ. Nísinsìnyí ẹ wá wo ìdè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà. Òun ló ń sọ bí orí ṣe dúró sí téèpù. Tí kò bá dúró bó ṣe dúró nígbà tí wọ́n ń gba orin náà, gbogbo ohùn tínrín á kú, ẹ ó rò pé téèpù ló ti bàjẹ́. Ẹ pa sípíkà méjèèjì pọ̀ di ohùn kan, ẹ fetí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ máa yí ìdè náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe ṣáá lásán, ẹ dúró níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lè béèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ gbà á sí WAV, 24-bit, 96 kHz tí ẹ̀rọ yín bá lè ṣe é, 48 kHz tí kò bá lè ṣe é. Wákàtí kan ní 96 á gba bíi gíìgì méjì, ní 48 á gba gíìgì kan. Àwọn ẹ̀rọ USB olówó pọ́ọ́kú bíi Behringer UCA202 kì í kọjá 16-bit. Ó ṣì sàn ju fífi fóònù gbà á níwájú sípíkà lọ. Ibi tí ohùn ga jù kò gbọdọ̀ kọjá −6 dB. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tí ẹ ń gbà á, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà, ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Ìró "hùùù" tí ẹ máa ń gbọ́ lábẹ́ orin kì í ṣe ti àwo, iná ni.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe tí kò yẹ: wọ́n á fi kọ̀ǹpútà nu ariwo kúrò kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo àwo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa nù. Ẹ tọ́jú bó ṣe wà. Tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ̀dà ni kí ẹ tún ṣe.

Nígbà tí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí kí ẹ tó bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó hàn pé ẹ̀bùn àbẹ̀wò ni, kì í ṣe owó orin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ gbígba ohùn pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́, ibi, àti gbólóhùn tí Bàbá tàbí Alhaji fi gbà pé kí ẹ lò ó. Ẹ gbé fọ́tò ẹgbẹ́ náà síwájú rẹ̀: "Ta ló wà lọ́tùn-ún yín níbí? Kí ló mú dání?" Fọ́tò á mú un rántí ohun tí ìbéèrè lásán kò lè mú un rántí.

Orúkọ ni kí ẹ farabalẹ̀ sí jù. Àrẹ̀mú, Àlàó, Àmàó, oríkì ni wọ́n, Alhaji sì pọ̀ ní Ìlọrin bí iyanrìn. Ẹ béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti agboolé rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fi iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Ní ti Hausa, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa wo bí ẹ ṣe kọ orúkọ, kí ẹ sì kọ ọ́ lọ́nà méjì, èyí tó ní àmì àti èyí tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ sórí Google.

Tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, ẹ fa eré rẹ̀ sẹ́yìn sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin láìjẹ́ kí ohùn yí padà. Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ka èdè Ìlọrin máa ń fi ará Èkó ṣẹ̀sín, nítorí náà kí ọmọ ìlú náà gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé e jáde. Ibi tí ẹ kò bá gbọ́, ẹ fi àmì sí i. Kí ẹ má méfò.

Ti òfin

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú àwo kan. Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́ àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ó jáde: àwo 1974 ti parí ní ìparí 2024. Ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin jẹ́ àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Shata kú ní 1999, nítorí náà ti ẹbí rẹ̀ ni títí di ìparí 2069. Ìyẹn ni pé àwo lè dàgbà tó kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má tíì di ti gbogbo ayé. Ẹ lè yọ ìlà díẹ̀ láti fi ṣàlàyé tàbí ṣe àríwísí, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Gbígbé odindi ẹ̀gbẹ́ àwo sórí YouTube láìbéèrè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, Nigerian Copyright Commission wà l'Ábújá níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, NCC méjì ló wà. Ti fóònù kò mọ nǹkan kan nípa dadakúàdà.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ojú ìwé náà pamọ́ sí Internet Archive lọ́jọ́ náà gan-an, torí blọ́ọ̀gù máa ń kú nígbà tí owó orúkọ rẹ̀ bá tán. Ẹ fi fọ́tò bébà àwo àti nọ́ńbà tí wọ́n họ sí i kún Discogs, ìkànnì tí wọ́n ń to àwo sí. Wikipedia kì í gba blọ́ọ̀gù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ìwé ìròyìn ló ń gbà, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ àti ojú ìwé New Nigerian tí ẹ rí sínú àpilẹ̀kọ yín kí ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó. Ẹ fún ẹbí ní ẹ̀dà orin lórí fílaṣì. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ yàn án bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kí ó má baà fún un pọ̀. Tí ẹnì kan nínú wọn bá sì kọ̀wé padà pé ẹ ṣi orúkọ onílù kan kọ, ẹ tún un ṣe, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe sísàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ hàn, torí ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti da á kọ.